Ohùn Màmá Lórí Síídì Mẹ́ta

3 Oṣù Kẹta

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìbínú tí o ṣì ń bá mi bí. Láti ọjọ́ tí a ti jà lórí fóònù ni o ti ní kí n máa kọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ sínú ìwé, pé ohùn mi ti ń ga jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwé kì í pariwo. Ìwé mẹ́fà tí mo kà náà ni mo fi ń kọ eléyìí, bí o bá rí àṣìṣe níbẹ̀, gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló mú mi gbé bírò. Ohùn wọn tó há láti ọdún tó kọjá, tí gbogbo wa ń pè ní òtútù, tí a ń fún wọn ní omi gbígbóná àti oyin sí, kì í ṣe òtútù. Dókítà ti ọ̀pá tínínrín kan tó ní iná lórí bọ ọ̀fun wọn, ó sì rí kókó kan tó ti jókòó síbi tí ohùn ti ń jáde. Ó ní bí wọn kò bá gé ibẹ̀ kúrò, kókó náà yóò dí ọ̀nà èémí. Bí wọ́n bá sì gé e, Màmá kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé. Ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ni wọ́n dá.

Màmá gbọ́ ọ pátá, wọn kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi dókítà, pé ọjọ́ mélòó ló kù. Ó ní mẹ́wàá. Bí a ti wọ ọkọ̀ tí à ń bọ̀ nílé, wọ́n ní kí n wá onífídíò fún àwọn.

Mo ní ṣé kò ní rọrùn kí wọ́n pè ọ́ lórí fóònù. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó ti pé ọdún mọ́kànlá nínú ikùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù, àwọn fẹ́ kí o rí ojú àwọn bí àwọn ṣe ń sọ ọ́. Èmi àti ìwọ la mọ ohun tó wà nílẹ̀. O jáde nílé láìdágbére fún ìyá rẹ. Láti ìgbà náà, bí o bá pè, ẹ ó kí ara yín kú ilé kú iṣẹ́, kò sí ẹni tó ń fẹnu kan ọjọ́ yẹn. Egbò tí a da aṣọ bò ni. Màmá fẹ́ ṣí i kí ohùn tó lọ.

Onífídíò tó wà lójú títì wa, Kò-sí-wàhálà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ìyẹn ni èsì rẹ̀ sí ohun gbogbo. Bí o bá sọ fún un pé òrùlé rẹ̀ ń jó, ohun tí yóò sọ náà nìyẹn. Ó gbé kámẹ́rà tuntun kan wá, èyí tó ń ya àwòrán gaara débi pé wàá lè ka irun ìpéǹpéjú ènìyàn. Màmá jókòó sí ìdí máṣínì ìránṣọ wọn. Wọ́n lé gbogbo wa jáde. Wọ́n lé onífídíò pàápàá, wọ́n ní kó tan ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ. Èmi àti ẹ̀ jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, à ń gbọ́ ìró ohùn, a kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó tó wákàtí kan dín díẹ̀ kí wọ́n tó pè wá. Ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ibi tí ọgbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ nìyí o. Onífídíò ní àwòrán gaara wúwo, síídì lásán kan kò lè gbà ju ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ lọ, pé kí n ra síídì olówó gọbọi kan tí yóò gba gbogbo rẹ̀, tàbí kí òun pín in sí orí síídì lásán mẹ́ta. Mo bi í bóyá àwòrán náà yóò ṣì mọ́. Ó ní yóò mọ́, kò sí wàhálà. Mo mú mẹ́ta. Mo wá yan irú èyí tí a lè pa rẹ́ kí a tún kọ nǹkan mìíràn sí. Ó fi díẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n mo rò ó síwájú: bí o bá ti wò ó tán, o lè ya ojú tìrẹ náà sórí wọn kí o fi ránṣẹ́ padà, síídì kan náà a lọ, a bọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí wọ́n bá ń ta afẹ́fẹ́ lọ́jà, èmi ni n óò kọ́kọ́ ní kí wọ́n dín in kù.

Màmá ní ojú ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ohun tí àwọn sọ, àfi tìrẹ. Onífídíò kọ ọ́ sórí síídì láìwò ó, mo dúró tì í. Èmi náà kò wò ó. Ó fi bírò kọ oókan, eéjì, ẹẹ́ta sí wọn lára. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa ń padà sí ìlú tí o wà lọ́sẹ̀ yìí, òun ni mo kó wọn fún.

Bí o bá ti wò ó, kọ̀wé. Má sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Ṣáà sọ pé o ti wò ó.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.


30 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú àìsùn. Nọ́ọ̀sì pè mí, ó ní iṣẹ́ abẹ náà ti kọjá, pé Màmá jí sáyé. Mo dúró sáàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì tí mo ń kó jáde nínú máṣínì ìfọṣọ, mo sì dúpẹ́. Ilé ìfọṣọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà ni mo ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú mi kò tíì yanjú. Bí mo bá fẹsẹ̀ kan kúrò níhìn-ín, wọn kò ní jẹ́ kí n padà wọlé.

Àwọn síídì náà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gba àyè níbi iṣẹ́. Mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tó mọ́, ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé Màmá ni mo fẹ́ lọ kí. Mo fi oókan sínú dífídì. Ó yí, ó kùn, ó kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo fi eéjì sí i, bákan náà. Ẹẹ́ta, bákan náà. Ọ̀rẹ́ mi alásè tí a jọ ń gbé yàrá ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń fi síídì sí lára rẹ̀ ti kú tipẹ́. Mo gbé wọn lọ bá ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nísàlẹ̀ ilé wa. Ó fi wọ́n sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó yọ wọ́n, ó ní òfìfo ni, pé ta ló ń fi síídì òfìfo ránṣẹ́ láti òkèèrè.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé ẹ dán an wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́? Mo ti rò ó títí. Lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní ọmọ tó bá ṣe irú ohun tí mo ṣe, kò yẹ kó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ mọ́. Ẹ lè ti gbàgbé, ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé. Kò wù mí kí n rò ó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ń wá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé Màmá dárí jì mí? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìjà èmi pẹ̀lú yín.

Àbúrò yín.


16 Oṣù Kẹrin

Àbúrò mi,

Ṣé dáadáa lo wà. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí, mo ti ìsọ̀ pa nítorí rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ra òwú àti bọ́tìnnì kàn ń kan ilẹ̀kùn ni.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí Màmá ṣe wà. Ihò kan wà ní ọrùn wọn báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n fi ń mí, ó ń súfèé bí wọ́n bá ń sùn. Bí wọ́n bá ń fẹ́ nǹkan, wọ́n a fi òrùka ọwọ́ wọn lu irin bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀kan ni omi, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí n wá yí wọn padà. Mo gbìyànjú láti kọ́ wọn ní ìwé díẹ̀, kí wọ́n lè máa kọ ohun tí wọ́n bá fẹ́. Ọwọ́ tó ti di abẹ́rẹ́ mú fún ogójì ọdún, kò gbà láti di pẹ́ńsù mú. Wọ́n kọ "a" kan tó dà bí ẹyin, wọ́n ju pẹ́ńsù náà sílẹ̀.

Bí mo ti ka ìwé rẹ tán, ilé Kò-sí-wàhálà ni mo gbà lọ. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ó ní síídì náà kò ṣófo. Ó ní síídì lásán ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí òun ṣe kọ àwòrán gaara náà sínú rẹ̀ yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń kọ fídíò àtijọ́. Dífídì ilé kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀rọ tuntun tó ń ka àwòrán gaara nìkan, tàbí kọ̀ǹpútà tó dára, ló lè ṣí i. Òun dán an wò nínú tirẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, kó tó di pé mo ní kó pa á. Ó rò pé gbogbo ẹni tó wà lókè òkun ló ti ní irú ẹ̀rọ náà. Mo ní ìwọ ò tiẹ̀ rò pé kí o bi mí? Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sọ pé kò sí wàhálà.

Gbọ́ èyí tó burú jù. Ó ti pa ohun tó wà nínú kámẹ́rà rẹ̀ rẹ́, ó ti fi ya ìgbéyàwó méjì. Kò tọ́jú ẹ̀dà kankan, nítorí Màmá ní kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú rẹ̀. Mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn ni gbogbo ohùn ìyá wa tó kù láyé. Mo bẹ̀ ọ́, fi aṣọ wé wọn. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n sínú ẹ̀rọ tó lè kọ nǹkan sórí síídì. Wá ẹ̀rọ tuntun yẹn, yá a, ra àlòkù, ohun tó bá gbà.

Ní ti pé mo fi ohùn Màmá pamọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Bí mo bá fẹ́ fi pamọ́, ṣé n óò ná owó síídì mẹ́ta sórí òfo? Mo sọ ohun tí mo sọ lórí fóònù, inú ló ń bí mi. N kò mọ ohun tí Màmá sọ. Mo wà níta.

Láràárọ̀, bí mo bá ti wọlé, Màmá a fi ìka kan ojú wọn, wọ́n a wá na ìka náà sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ń bi mí bóyá o ti wò ó. Mo ti mi orí pé o ti wò ó. Ó ti di irọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Wọ́n ń dúró de èsì rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


18 Oṣù Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé, n kò rí èsì. Ẹni tí kò bá fẹ́ purọ́, dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́, mo ti gbọ́ yín.

N kò kọ ìwé yìí láti bá yín jà. Ẹ ní bí mo bá ti wo àwọn síídì náà tán, kí n ya ojú mi sórí wọn. Òfìfo ni ẹ fi ránṣẹ́, mo sì ti lò ó bẹ́ẹ̀. Atúntẹlifíṣọ̀nṣe yẹn ní ẹ̀rọ kan tó ń gba fídíò láti inú kámẹ́rà sórí síídì. Mo sanwó fún un, ó mú mi jókòó síwájú ògiri funfun kan. Nígbà tó fi síídì oókan sí i, ẹ̀rọ náà bèèrè bóyá kí òun pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ pa rẹ́. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì.

Ti oókan kò dára, ẹkún ni mo sun lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fẹ́ kí Màmá rí mi bẹ́ẹ̀. Mo tún un ṣe lórí ẹẹ́ta. Orí ìyẹn ni mo ti sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Mo sọ gbogbo bó ṣe jẹ́: pé n kò lè dágbére fún wọn nítorí pé bí mo bá wo ojú wọn, n kò ní lọ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n. Ẹẹ́ta yẹn ni mo fi sínú àpò ìwé yìí. Mo ti dán an wò nínú dífídì ilé mẹ́ta, ó ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn, èmi a máa dán nǹkan wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn wọ́n. Èyí nìkan ni mo ń bẹ̀ yín fún.

Àbúrò yín.


9 Oṣù Karùn-ún

Àbúrò,

Ìwé rẹ dé lónìí. Mo rí ẹẹ́ta lára síídì náà, mo sì mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìsọ̀.

Ìwé mi ti kọjá tìrẹ lójú ọ̀nà. Ó ti yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ báyìí. O ti mọ ohun tí o ṣe. N kò ní sọ ọ́.

N óò sọ tèmi. Mo kọ ọ́ sí ọ pé Kò-sí-wàhálà kò tọ́jú ẹ̀dà nítorí Màmá ní kó má tọ́jú rẹ̀. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ó fà mí sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ó ní ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí ẹ̀dà kan wà nílé o, n óò lẹ̀ ẹ́ pa, ẹnikẹ́ni kò ní wò ó. Ó dárúkọ iye kan. Kò tó owó òwú páálí kan. Mo ní kó lọ jókòó, pé Màmá kò fẹ́. Ká ní ọ̀fẹ́ ni, àbúrò mi, ǹ bá gbà. Èmi náà ni mo yan síídì tí a lè pa rẹ́. Bí mo bá ti ra èyí tí wọ́n ń kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí bọ́tìnnì tí o lè tẹ̀ tí yóò ba ohunkóhun jẹ́.

Eéjì ló kù. Di í mú bí ẹyin.

Wọ́n ti dá Màmá padà sí ọsibítù, èémí kò já gaara. Kò sí dífídì níbẹ̀. N kò tíì fi tìrẹ hàn wọ́n, n kò sì tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ fi hàn wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


11 Oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ìwé yín ti ọjọ́ kẹrìndínlógún dé lẹ́yìn tí mo ti fi tèmi ránṣẹ́. Mo kà á lórí àtẹ̀gùn ilé, n kò lè gòkè, n kò lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. N kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ra ẹ̀rọ tuntun náà, àlòkù. Mo fi eéjì sí i. Ó ṣí.

Ẹ̀gbọ́n, ó mọ́. Màmá wà nínú yàrá mi. Mo rí òwú pupa kan tó lẹ̀ mọ́ èjìká wọn. Mo rí bí ọ̀fun wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde. Àárín ọ̀rọ̀ ni mo bá wọn. Ọjọ́ tí mo lọ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní mo sọ fún àwọn pé Sátidé ni, nítorí náà àwọn ń fi ara balẹ̀ rán kóòtù kan fún mi, pé wọ́n ní ibi tí mò ń lọ tutù. Wọ́n rán an tán lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wọ́n pè mí kí n wá wọ̀ ọ́ wò. Wọ́n rò pé mo lọ gẹrun ni. Wọ́n gbé kóòtù náà lọ́wọ́, wọ́n jáde sí títì, wọ́n ń pe orúkọ mi láti ilé dé ilé. Ẹnìkan ló wá sọ fún wọn pé ó rí mi pẹ̀lú àpótí láàárọ̀. N kò mọ̀ nípa kóòtù kankan, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kò sọ ọ́ fún mi rí. Wọ́n ní àwọn fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún ọdún kan kí wọ́n tó fún ẹni tó wá tún òrùlé ṣe, ó sì ṣe é rẹ́gí bíi pé tirẹ̀ ni.

Wọ́n nu ojú. Wọ́n wò mí tààrà. Wọ́n ní, "Wàyí o, ohun tó wà ní inú mi sí ọ, ọmọ mi, fetí sí i dáadáa."

Ibẹ̀ ló gé sí. Ibẹ̀ ni síídì kún sí.

Ìyókù wà lórí ẹẹ́ta, mo sì ti sọ ẹjọ́ ara mi lé e lórí. Mo ti wo eéjì títí n kò lè kà á mọ́. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń rò pé lẹ́ẹ̀kan yìí wọn yóò sọ ọ́.

Ẹ lọ bá wọn. Ẹ bi wọ́n. Bí wọ́n bá ti dárí jì mí, kí wọ́n mi orí. Bí wọn kò bá sì dárí jì mí, ẹ sọ ìyẹn náà. N óò gbà á. Èyí tí n kò lè gbà ni kí n má mọ̀.

Àbúrò yín.


2 Oṣù Kẹfà

Àbúrò mi,

Jókòó kí o tó kà á.

Màmá ti lọ. Ìjẹta ni. A sin wọ́n lánàá, ilẹ̀ gbẹ, àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ wọn pọ̀ níbẹ̀. N kò pe onífídíò. Òun fúnra rẹ̀ wá, ọwọ́ òfo, ó dúró lẹ́yìn.

O ní kí n bi wọ́n. N óò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, n kò ní fi kún un, n kò ní yọ kúrò níbẹ̀. Mo lè kọ ìlà kan péré fún ọ kí ọkàn rẹ balẹ̀, mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n o ti mọ̀ báyìí pé mo máa ń sọ ìdajì òótọ́, o kò ní gbà mí gbọ́, a ó sì wá pàdánù èyí náà.

Dókítà ní ká máa gbé wọn lọ sílé, pé kò sí ohun tó kù ní ọwọ́ àwọn. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sínú yàrá ìránṣọ, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ìwé rẹ dé lọ́jọ́ kejì. Mo jókòó tì wọ́n lọ́sàn-án, mo ní, "Màmá, àbúrò mi ní kí n bi yín, ṣé ẹ ti dárí jì í?" Wọn kò mi orí, wọn kò sì gbọn ọ́n. Wọ́n na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ilé wa ti pè wọ́n lórí fóònù láti ọ̀hún, ó sì ti sọ fún wọn pé síídì kan dé láti ọ̀dọ̀ rẹ. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?

Mo fi sí i. O sanra díẹ̀, àbúrò mi. Orí rẹ ti ń pá níwájú bíi ti bàbá wa. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń wò ọ́. Ọ̀rọ̀ tí o kọ́kọ́ sọ, o rántí? O ní Màmá, n kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, òfìfo ni síídì náà dé, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu yín.

Wọ́n yí ojú sí mi. Mo ti ń mi orí fún wọn láràárọ̀ fún oṣù méjì gbáko, pé o ti wò ó, pé o ti gbọ́. Ojú tí wọ́n fi wò mí yẹn, n óò gbé e wọ sàréè. Kì í ṣe èmi tí ohùn mi ń ga mọ́.

Wọn kò lu irin bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn dìde, mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn. Wọ́n kọjú sí ọ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ya ẹnu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, nítorí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń rán aṣọ, wọ́n wá ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni gbé aṣọ dání. Ìwọ ń sọ tìrẹ, àwọn ń sọ tiwọn. Ẹnu wọn ń lọ, ètè wọn ń pàdé, ó ń ya, èémí sì ń súfèé jáde ní ihò ọrùn wọn, kò sí ohun mìíràn. Mo sún mọ́ wọn. Mo gbé ojú lé ẹnu wọn bí ẹni ń wo ojú abẹ́rẹ́, n kò rí ọ̀rọ̀ kan mú. Mo tẹ́ etí mi lé ọrùn wọn. Atẹ́gùn ni.

Ìwọ ti parí tìrẹ. Síídì náà dúró, ojú tẹlifíṣọ̀n di búlúù. Wọn kò dákẹ́. Wọ́n ń bá ojú búlúù náà sọ̀rọ̀ lọ, n kò sì pa á. Wọ́n nu ojú nígbà kan. Nígbà kan wọ́n na ọwọ́, n kò mọ̀ bóyá ọ̀nà ni wọ́n ń nà sí tàbí ojú rẹ. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ títí oòrùn fi kúrò lórí máṣínì. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fara ti ìrọ̀rí, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n wò mí bí ẹni tó ti jíṣẹ́ tán. Mo ní kí wọ́n sinmi, pé bí wọ́n bá jí, n óò tún bi wọ́n, kí wọ́n kàn mi orí fún mi. Wọ́n sùn. Wọn kò jí mọ́.

O ní èyí tí o kò lè gbà ni kí o má mọ̀. Àbúrò mi, mo jókòó tì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú mi kò kúrò ní ẹnu wọn. Wọ́n sọ ọ́. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.